Ọjọ́ Tí Ẹ́ńjìnnì Kú Mọ́ Wa Lókè Oko Kòkó

Ọkọ mi ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí títún ẹ́ńjìnnì bàálù ṣe fún àwọn ẹlòmíràn kó tó kan tirẹ̀. Èkó la ń gbé nígbà náà. Ìdájí ló máa ń jáde, nígbà tó bá sì fi máa padà dé, òórùn epo ti wọ inú irun orí rẹ̀, kò sí ọṣẹ tó lè lé e lọ. Ní àwọn ọdún tó fi ṣiṣẹ́ lókè Ọya, awakọ̀ bàálù kan tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan náà ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wa àwọn kéékèèké, ó sì ti gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé bàálù fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún un ṣe? Á tún un ṣe tán, á nu ọwọ́, á sì dúró máa wò ó bó ṣe ń gbéra lọ láìsí òun nínú rẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, a kó wá sí Ìdànrè, níbi tí wọ́n ti bí àwa méjèèjì. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ síwájú ilé. Sùtánà funfun ni mo máa ń rán jù, torí ìjọ Aládùúrà ni èyí tó pọ̀ jù ládùúgbò wa, èmi náà sì wà lára wọn. Òun kọ́ àtíbàbà onípáànù sẹ́yìn ilé. Mo rò pé adìẹ ló fẹ́ sìn. Páìpù ló kọ́kọ́ dé, pákó pẹlẹbẹ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ìjàpá àtijọ́, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń wà nídìí, tó rà l'Ákùúrẹ́. Mo bi í pé kí ni gbogbo èyí.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, bàálù ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé aṣọ ni wọ́n fi ń bo apá irú bàálù kékeré bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé aṣọ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó le, ó sì fúyẹ́, ó ní kí n rán an bí àpò ìrọ̀rí gígùn tó máa gba apá bàálù wọlé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo rán an. Ó gbé e síta sójú oòrùn, ó tẹ ojú rírán rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní kí n tú u. Mo bínú, mo tú u, mo tún un rán. Lẹ́yìn tó ti wọ̀ ọ́ sí apá náà tán, ó fi ọ̀dà kan kùn ún tó mú kó fà le bí awọ, téèyàn bá sì fi ìka lù ú, á dún. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti pe nǹkan náà ní bàálù rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ mi ti wà níbẹ̀.

Àwọn aláṣẹ rán èèyàn wá wò ó. Wọ́n yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, wọ́n sì fún un láàyè láti máa fò ó níbi tí ilé kò bá sí. Kúrò nílùú wa, lápá ọ̀nà tó lọ sí Ofosu, ọ̀nà oko kan wà tí katakata ti là gbọọrọ láàárín oko kòkó, tí kò sì sí ọ̀dà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń lò. Ó kọ́ àtíbàbà mìíràn sétí ọ̀nà náà fún un. Láwọn àárọ̀ tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀, á gbéra, á yí po lókè oko, á sì tún balẹ̀. Èmi a dúró sétí ọ̀nà títí táyà rẹ̀ á fi kan ilẹ̀.

Nídìí oúnjẹ ló ti máa ń kọ́ ara rẹ̀. Á gbé ọmọrí ìkòkò lé àtẹ́lẹwọ́, á máa fò ó lókè abọ́ ọbẹ̀.

"Bí ẹ́ńjìnnì bá kú nígbà tí mo ń fò nísàlẹ̀," á ní, "mi ò gbọdọ̀ yí padà sẹ́yìn. Ọ̀nà tó wà lẹ́yìn máa ń tan èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ yí po pẹ̀lú eré tí kò tó, bàálù á re bọ́ lábẹ́ rẹ̀ ni. Iwájú ni kí n máa wò. Ibi tó bá sàn díẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí n gbé e sí."

Màá ní, "Ẹ gbé ọmọrí mi wá, ọbẹ̀ ń tutù."

Mo ti sọ fún un pé èmi ò ní wọ̀ ọ́ láéláé. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà kò tilẹ̀ kan bàálù. Orí Òkè Ìdànrè ni wọ́n bí ìyá tó bí ìyá mi sí, kí àwọn ará ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìsàlẹ̀ dó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó máa ń mú mi gun àtẹ̀gùn náà lọ, á fi ibi tí àdògán ìyá rẹ̀ wà hàn mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ tún débẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún mi kò gbà mọ́. Mo gbìyànjú lọ́dún yẹn, mi ò dé ìdajì tí mo fi jókòó tí mo ń sunkún bí ọmọdé. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi nílé.

Ó wá ní, "Bí o kò bá lè gun òkè mọ́, ṣé o lè wò ó láti òkè?"

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni òjò fi rọ̀ tí bàálù náà kò kúrò lábẹ́ àtíbàbà. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ la lọ. Ọkọ mi yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó yẹ okùn irin wò, ó bu epo díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e sókè sójú oòrùn bóyá omi wà nínú rẹ̀. Èmi gbé ìgò omi àdúrà mi jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn.

"Wọ́n ọn sára apá, wọ́n ọn sí ìrù," ó ní, "ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kó kán síbi epo."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó dè mí mọ́ àga ẹ̀yìn, ó wọ iwájú, a sì gbéra.

Mi ò ní lè sọ gbogbo ohun tí mo rí. Òkúta tí mo ti ń wò láti ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mo rí àtàrí rẹ̀. Omi òjò wà nínú àwọn kòtò orí rẹ̀, ó ń dán. Mo rí ìlú àtijọ́ náà láàárín àwọn òkè, páànù tó ti pupa, ògiri tí koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò, ó kéré débi pé ẹkún gbọ̀n mí. Mo wá ilé wọn, mi ò lè dá a mọ̀ láàárín ìyókù. Ọkọ mi kò jẹ́ kí a sún mọ́ òkè jù, ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣe atẹ́gùn tí wọ́n ń bá ṣeré. A yí po lẹ́ẹ̀kan, a sì kọjú sílé.

Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fò kọjá lókè ọ̀nà oko wa kó lè wò bóyá ọ̀kadà tàbí ewúrẹ́ wà lójú rẹ̀ kí a tó yí po wá balẹ̀. Bí a ṣe kọjá rẹ̀ báyìí ni ẹ́ńjìnnì húkọ́. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó sì dákẹ́.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ariwo ló máa pọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Atẹ́gùn ń fẹ́ fíì létí mi, mo sì gbọ́ àkùkọ kan tó kọ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Abẹ̀bẹ̀ iwájú tí mi ò tíì rí lójú rárá láti ìgbà tó ti ń yí, ó dúró gbagidi níwájú wa. Ọkọ mi gbìyànjú láti tún un tan. Kò tan.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ohùn tó fi ń pè mí nínú yàrá. "Di ara rẹ mú dáadáa. A máa balẹ̀ báyìí."

Mo ní, "Ọ̀nà wà lẹ́yìn! Mo ń wò ó! Ẹ yí padà!"

"Rárá."

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀yìn wa níbí ni! Ẹ yí padà!"

Iwájú ló ń wò. Mo fi ọwọ́ gbá a léjìká, mo gbá a gidi. Mo rò pé ẹ̀rù ti pa á kú sójú ibẹ̀ ni. Ó tẹ imú bàálù wálẹ̀, ó kọjú sí oko ẹ̀gẹ́ kan tó là sílẹ̀ láàárín kòkó, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ẹ̀gẹ́ náà ò tíì ga. Mo rí i pé ibẹ̀ lè gbà wá. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí wọn. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ń roko níbẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn obìnrin náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Bàálù tí kò bá dún kò ṣeé sá fún, torí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo figbe ta, "Ẹ sá o! Ẹ sá!" Obìnrin náà nàró, ó yíjú sókè, ó sì dúró síbẹ̀, ọkọ́ lọ́wọ́. Kò sá sí ọ̀tún, kò sá sí òsì. A ti sún mọ́ ọn débi pé mo rí àwọ̀ ọ̀já tó fi gbé ọmọ.

Ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Igi."

Ó tẹ apá òsì bàálù sílẹ̀ díẹ̀, a kúrò lókè oko ẹ̀gẹ́, àwọn kòkó sì wà níwájú wa, orí wọn so mọ́ra bí ẹní tí wọ́n tẹ́. "Bo ojú rẹ!" Ó fa imú bàálù sókè, eré rẹ̀ dínkù, ó dínkù sí i, títí ó fi dà bíi pé ńṣe la fẹ́ jókòó sórí ewé. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ ayé ya.

Nígbà tí mo la ojú, àárín ẹ̀ka la so rọ̀ sí, ìdí bàálù ga nílẹ̀ bí ẹni tó nàró. Èso kòkó kan tó fọ́ ti da sí mi láyà, mo rò pé ọpọlọ mi ni. Epo ń rùn.

"Mo ti pa epo," ọkọ mi ní. "Mo ti pa iná. Má bẹ̀rù iná." Ó gbìyànjú láti mira. "Ẹsẹ̀ mi ò ṣeé gbé."

Ọkùnrin oko ẹ̀gẹ́ náà ló kọ́kọ́ dé, àdá lọ́wọ́. Ará Òkè-Ògùn ni, ó ń bá olóko tọ́jú kòkó kí wọ́n lè pín in nígbà ìkórè, ẹ̀gẹ́ ni tirẹ̀ tó ń gbìn fún oúnjẹ. Ó gun igi bí ẹni ń gun àjà ilé rẹ̀. "Ẹ kú ewu, màmá. Ẹ má mira o. Ẹ jẹ́ kí n gé e." Ó gé ìgbànú mi, ó fi èjìká rẹ̀ gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó lè yọ ẹsẹ̀ ọkọ mi kúrò níbi tí irin ti há a mọ́. Ọkọ mi kò pariwo, ṣùgbọ́n ó bù mí lọ́wọ́ jẹ, àpá rẹ̀ ṣì wà.

Nígbà tí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ tán, obìnrin náà wá. Ó ti tú ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà. 

"Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ rí wa ni?"

"Mo rí yín."

Ó kúnlẹ̀ sínú ewé gbígbẹ.  Wọ́n fi igi méjì bọ àpò kòkó láti fi gbé e, a gbé e dé ọ̀nà, takisí oko kan gbé wa dé Àkúrẹ́.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí ìròyìn fi gba ìlú. Àwọn ìyá ìjọ wá kí wa nílé ìwòsàn pẹ̀lú àbẹ́là àti orin. Ọ̀kan nínú wọn tẹnu mọ́ etí mi, ó ní ayé ni, ó ní kí n ronú ẹni tó ń wò wá láìrẹ́rìn-ín. Mo ronú. Mo fi òru méjì wo ojú gbogbo ará àdúgbò nínú ọkàn mi, mo sì rí ẹ̀ṣẹ̀ lára gbogbo wọn.

Ọkọ mi ní kí n lọ bá òun mú ìdérí táńkì epo wá. Mo fi gèlè wé e wá. Ihò kan tí kò tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé bí epo ṣe ń dínkù. Ó ní kí n fún òun ní ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Ó tì í bọ inú ihò náà, kò kọjá. Ó tún tì í. Amọ̀ gbígbẹ já bọ́ sórí aṣọ ibùsùn funfun, ìdin kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀, ó ti kú.

Irú agbọ́n tó máa ń fi amọ̀ kọ́lé sára ògiri ni. Nígbà tí òjò ń rọ̀, tí a ò fò, ó ti wá ibi gbígbẹ fún ọmọ rẹ̀. Ọkọ mi ṣàlàyé fún mi pé bí agolo mílíìkì tí wọ́n lu ihò kan ṣoṣo sí ni, ó máa dà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa dúró. Epo wà nínú táńkì. Kò rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ ni.

Ó wo ìdin náà pẹ́. "Ó ń kọ́lé ni," ó ní. "Kò mọ̀ wá rí."

Mi ò sọ fún àwọn ìyá ìjọ. Kì í ṣe pé mi ò gbà pé àwọn ọ̀tá wà. Mo dàgbà tó láti mọ̀ pé wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé mo ti wo ojú aládùúgbò mi bí ojú apànìyàn nítorí amọ̀ bíńtín kan. Ẹni tí wàhálà bá bá máa ń fẹ́ kó ní ojú, kó ní orúkọ, kó lè rí nǹkan bínú sí. Èyí tó bá wa kò ní ojú. Ó ní ìyá, ìyẹn nìkan ni.

Ohun tí mo bẹ̀rù jù ni màmá tó ni oko kòkó náà. Opó ni, ó ti dàgbà gan-an, ọkọ rẹ̀ ló gbin àwọn igi tí a fọ́. A ti kúrò nílé ìwòsàn nígbà tó wá, ọmọ rẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé e wá. Èdè Ìdànrè pọ́ńbélé ló ń sọ, èyí tí àwọn ìbejì mi tó dàgbà sí Èkó kì í gbọ́ tán. Ọkọ mi fẹ́ dìde lórí àga pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dì, màmá náà fi ọwọ́ dá a dúró.

Ọkọ mi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. A ba igi yín jẹ́."

"Ẹ bà á jẹ́," ó ní. "Mo sunkún nígbà tí mo débẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Igi tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ni." Ó nu ẹnu. "Ṣùgbọ́n mo ní kí ìyá ọmọ yẹn fi ibi tó dúró sí hàn mí. Mo dúró síbẹ̀. Mo wòkè. Kòkó tó bá kán, ó máa ń rú láti ìdí. Èèyàn kì í rú láti ìdí."

Ọkọ mi tí kò sunkún nínú igi, tí kò sunkún nígbà tí wọ́n ń to egungun rẹ̀, ó sunkún níwájú màmá yẹn. Mo wọ inú ilé lọ bu omi kí n má bàa máa wò ó.

Ẹsẹ̀ náà san, ṣùgbọ́n ó kúrú ju èkejì lọ, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi ń darí ìrù bàálù. Nítorí náà kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó má fò mọ́, kì í ṣe èmi, kì í ṣe àwọn ọmọ tó ti múra ìjà sílẹ̀ lórí fóònù. Ara rẹ̀ ló dájọ́. Ó tú bàálù náà palẹ̀. Apá kan ti ya, ọ̀pá ti gún un láàárín, ṣùgbọ́n ojú tí mo rán kò tú. Ó pè mí wá wò ó. Mo fi ọwọ́ pa á.

Mo rò pé inú mi máa dùn. Inú mi dùn pé ó ń sùn sílé, pé mi ò ní dúró sétí ọ̀nà oko mọ́. Síbẹ̀, nígbà mìíràn tí mo bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, màá rántí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, kí igi tó dé, kí n tó rí ọmọ. Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀ bí ẹ̀rù kò ṣe bà mí rí. Ó sì rẹwà. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ̀rọ̀ kejì yìí fún ọkọ mi. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé a jọ ti ìlú kan náà wá.

"O gbọ́ àkùkọ?" ó bi mí.

"Mo gbọ́ ọ."

"Mo rò pé èmi nìkan ni."

Lẹ́yìn ọdún kan àti díẹ̀, ìgbà ìkórè, mo ń lọ sóko náà láti bá wọn fọ́ kòkó. Ìdí àwọn igi tó kán ti rú, ọ̀mùnú gígùn tó dúró ṣánṣán. Mo gun ọ̀kadà kan níta ìlú, ọ̀dọ́mọkùnrin àlejò ló ń wà á, mo sì fẹ́ máa júwe ọ̀nà fún un.

"Mo mọ̀ ọ́n, màmá," ó ní. "Ẹapọ́ọ̀tù. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ń pè bẹ́ẹ̀." Ó wá rọra yíjú sí mi. "Ṣé òótọ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́ ẹapọ́ọ̀tù síbẹ̀ ni?"

"Rárá," mo ní. "Àwọn kan kàn jábọ́ síbẹ̀ rí ni."

"Háà! Ṣé wọ́n yè?"

"Wọ́n yè," mo ní. "Àti àwọn tó wà nílẹ̀. Máa wo iwájú, ọmọ mi, kòtò wà níbẹ̀ yẹn."